Ẹ Má Gba Ààbò Lẹ́nu Ìkókó Yín

Ẹ̀yin abiamọ Noman's Land ní Kano, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tí oyún yín ti wọ oṣù keje. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà wá wẹ ọmọ ní Sabon Gari. Ẹ̀yin bàbá ìkókó, ẹ má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ẹ ń fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lómi. Ẹ ń rọ ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì lágbo. Ẹ ń po mílíìkì inú agolo fún ọmọ tí ọmú ìyá rẹ̀ kún débi pé ó ń ro sí aṣọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sún yín ṣe é. Ìfẹ́ kì í pa kòkòrò inú omi.

N kò ní jókòó máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ewu wà. Ewu wà. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 67 ni kò pé ọmọ ọdún kan kí ikú tó mú wọn lọ. Ìwádìí kan náà ló fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Ẹ fi ojú kan wo nǹkan méjèèjì.

Ibi tí ẹ ti ń tan ara yín jẹ ni bí ewu náà ṣe jìnnà tó. Ẹ rò pé ó di ọjọ́ tí rédíò bá kéde pé kọ́lẹ́rà ti bẹ́. Ẹ rò pé ó di ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní France Road. Irọ́ gbáà ni. Ewu náà ti wọlé. Ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí mẹ́rúwà gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀ yìí.

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa. Àkísà ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀. Ẹ ti ìka kan bọ ọrùn rẹ̀, kí ẹ fi ra inú rẹ̀ yípo: nǹkan kan á máa yọ̀ lábẹ́ ìka yín, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ewé. Rọ́bà tí wọ́n fi pọn omi náà sùn sínú gọ́tà lánàá. Gọ́tà náà gba ẹ̀yìn ṣáláńgá kọjá kó tó dé ibi tí rọ́bà sùn sí. Nígbà tí òjò bá rọ̀ ní oṣù kẹjọ, tí gọ́tà kún, tí omi dúdú gun ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kànga àti ṣáláńgá di ọ̀kan náà. Omi yìí ni ẹ bù sínú ife, tí ẹ kán sí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu.

Àwọn kan á ní píọ̀ wọ́tà ni àwọn ń lò. Eyín ni ẹ fi ya ọ̀rá rẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọ̀rá tó ti gba ọwọ́ ẹni tó já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ọwọ́ ẹni tó ń tà á, àti ọwọ́ ọmọ tó ń kiri rẹ̀ nínú oòrùn.

Ẹ wá gbé fídà. Ẹ yí ọmú rọ́bà rẹ̀ padà, kí inú rẹ̀ di ìta. Ẹ ó rí ìpara funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ọn níbi ihò. Mílíìkì àná nìyẹn. Omi gbígbóná tí ẹ fi ṣan ìgò kò dé ibẹ̀. Ẹyọ kòkòrò kan tó bá bọ́ sínú ìpara yẹn nínú ooru Kano kì í ṣe ẹyọ kan mọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́. Ìyẹ̀fun inú agolo pàápàá kì í ṣe ohun tí kòkòrò kò lè sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi là á kalẹ̀ ní ọdún 2007 pé omi tí a ó fi pò ó kò gbọdọ̀ dín ní 70°C. Ta ni nínú yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago méjì òru, nígbà tí kò sí iná, tí gáàsì ti tán, tí ọmọ ń ké? Omi tútù inú jọ́ọ̀gì ni. Ẹ má purọ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ ń gbà lẹ́nu ọmọ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ yín rò pé oúnjẹ lásán ni ọmú. Ẹ rò pé bí ọmọ bá ti rí oúnjẹ mìíràn jẹ, tí ó sanra, ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá ń fi èròjà agbóguntàrùn kan ránṣẹ́ sí i láti ara ibi ọmọ, pàápàá ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. IgG ni àwọn dókítà ń pè é. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé, ó sì ń dín kù lóṣooṣù lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́rà kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ẹnu ni ó ń gbà, ìfun ni ó ń gúnlẹ̀ sí. Kòkòrò tó ń fa òtútù àyà, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń gbà. Ara ìkókó kò tíì lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn fúnra rẹ̀. Èròjà mìíràn tí ń jẹ́ IgA ló ń bá a ṣọ́ wọn, inú ọmú ìyá rẹ̀ ni Ọlọ́run sì fi í sí.

Bí ó ṣe ń dé ibẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Ìyá tó ń gbé Noman's Land ń mu omi Noman's Land. Ó ń mí eruku rẹ̀. Ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń pọ́n ìka lá bó ti ń ka owó tó ti gba gbogbo ọjà Sabon Gari kọjá. Kòkòrò tó wà ní àdúgbò ń gba inú rẹ̀ kọjá, lọ́pọ̀ ìgbà kì í sì í ṣàìsàn, nítorí ara rẹ̀ ti mọ̀ wọ́n. Àwọn èròjà ara kan wà lára ìfun rẹ̀ tó ń kọ́ ìrísí kòkòrò wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sínú ọmú, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa ṣe IgA tó bá kòkòrò wọ̀nyẹn gan-an mu. Ọmọ á fà á mu. Ọlọ́dẹ tó dàgbà sí àdúgbò ni IgA yìí: ó mọ ojú olè àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ ihò tí wọ́n ń gbà. Ọlọ́dẹ tí ẹ bá gbà láti ìlú mìíràn kò mọ ẹnì kankan. Mílíìkì inú agolo, kò tilẹ̀ ní ọlọ́dẹ rárá. Wàrà màlúù ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí màlúù fi dáàbò bo ọmọ rẹ̀ ni ó wà nínú wàrà náà, iná ilé iṣẹ́ sì ti pa ìyẹn pàápàá.

IgA náà kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ. Ojú ìfun àti ọ̀fun ni ó ń tẹ́ sí. Ó ní ohun kan tó bò ó, tí omi kíkan inú ikùn kò fi lè tètè jẹ ẹ́. Bí kòkòrò bá dé, á gbá a mú, kò ní jẹ́ kó rí ibi di mọ́, ọmọ á sì yà á dànù sínú ìlédìí. Ìyá ò ní mọ̀ pé ogun jà. Èròjà mìíràn tún wà nínú ọmú tó ń gba irin kúrò lọ́wọ́ kòkòrò kí ebi lè pa á. Òmíràn ń fọ́ ara kòkòrò. Oríṣi ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í dà nínú ikùn ọmọ rárá; àwọn kòkòrò rere inú ìfun ló wà fún, kí wọ́n lè pọ̀, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ búburú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1892, Paul Ehrlich, dókítà ará Jámánì, ṣe ìdánwò pẹ̀lú eku. Ó fi májèlé díẹ̀díẹ̀ kọ́ ara àwọn abo eku kan títí májèlé náà kò fi ran wọ́n mọ́. Ó wá pààrọ̀ ọmọ: ọmọ eku tí ìyá rẹ̀ kò ní ààbò ni ó gbé fún ìyá tó ní in láti máa fún lọ́mú. Àwọn ọmọ náà rí ààbò, láti inú ọmú ìyá tí kò bí wọn. Ó ti lé ní 130 ọdún báyìí. Ní ọdún 1983, Roger Glass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Bangladesh jáde, níbi tí kọ́lẹ́rà ti ń gbé inú ilé pẹ̀lú èèyàn. Wọ́n rí àwọn ọmọ ọmú tí kòkòrò kọ́lẹ́rà wà nínú ìfun wọn. Àwọn tí èròjà agbóguntàrùn pọ̀ nínú ọmú ìyá wọn kò sábà ya ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn tí tiwọn kéré ni àìsàn sábà gbé ṣánlẹ̀. Ẹ tún un kà. Kọ́lẹ́rà wà nínú ọmọ, ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà, ó kàn yín báyìí. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ ní kí ìyá ọmọ fún dànù nítorí ẹ ní ó ti pẹ́ nínú, kò sí ìgbà kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọmú tún ní IgA tó pọ̀ tó ìyẹn. Ìwọ̀nba ṣíbí díẹ̀ ni. Kò yẹ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ikùn ọmọ kò tíì tóbi. Ẹ dà á sórí ilẹ̀, ẹ wá fi omi gúlúkóòsì rọ́pò rẹ̀.

Ní Kintampo, ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn olùwádìí tẹ̀lé ọmọ tuntun 10,947. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Àwọn ọmọ tí wọn kò gbé sí ọmú títí ọjọ́ àkọ́kọ́ fi kọjá, ewu ikú wọn láàárín oṣù àkọ́kọ́ ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó tètè mu ún lọ. Àwọn tí wọ́n ń fún ní mílíìkì mìíràn tàbí oúnjẹ mọ́ ọmú, ewu tiwọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn olùwádìí náà ṣírò rẹ̀ pé bí gbogbo ọmọ bá mu ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n dáyé, ikú 22 nínú 100 ikú ọmọ tuntun ìbá má ṣẹlẹ̀. Wákàtí kan! Ẹ̀yin ń dúró de ìkéde rédíò. Wákàtí kan ni ewu fi jìnnà sí ọmọ yín, kì í ṣe oṣù kan.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ní Kano kì í ṣe Ìbàdàn. Ẹ ní ooru oṣù kẹrin níhìn-ín ń kọjá 40°C, pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, pé ètè rẹ̀ ń gbẹ. Kò sí àwáwí tó ń pa ọmọ ní ìlú yìí bí èyí. Nínú 100 ìwọ̀n ọmú, nǹkan bí 88 ni omi. Wọ́n ti wádìí rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa: ọmọ tó ń mu ọmú nígbà tó bá fẹ́ kò nílò omi kankan títí oṣù mẹ́fà fi pé. Bí ooru bá mú un, ẹ gbé e sí ọmú léraléra. Ìyá ni òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ fún ìyá lómi.

Agbo ńkọ́? N kò bá àgbàlagbà tó ń mu agbo wí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń sọ. Mo ti rí i bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ tẹ́ ọmọ sórí itan, orí rẹ̀ ń fì sísàlẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí ẹnu rẹ̀, ẹ da agbo sí i, ẹ fi ìka dí imú rẹ̀. Ọmọ náà ń tiraka láti mí, agbo ni ó mí símú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ikùn, díẹ̀ sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú bó ti ń mí, ẹ ní òyì ló ń kọ́ ọ. Òtútù àyà ni. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín dà á sí i.

Ẹ wò ó bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì. Ẹ fún ọmọ lómi, ikùn rẹ̀ kún. Nítorí ikùn kún, kò fa ọmú. Nítorí kò fa ọmú, ọmú dín kù, torí bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ó ṣe ń sun. Ìyá wá kígbe pé ọmú òun kò tó. Wọ́n ra agolo. Agolo gbówó lórí, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi tán. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí kan pò ohun tó yẹ kí ṣíbí mẹ́ta pò. Ọmọ ń mu omi funfun. Ó ń rù. Ara tó rù kò lè bá àrùn jà. Kòkòrò inú fídà dé, kò bá ẹ̀ṣọ́ kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwùjẹ̀ orí rẹ̀ jìn ní ọjọ́ Sátidé. Ojú rẹ̀ wọnú. Ó ń ké, omijé kò jáde. Wọ́n lọ sí kẹ́mísì, wọ́n ra oògùn tó ń dí ìgbẹ́. Ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Ọjọ́ Ajé, wọ́n ń wá kẹ̀kẹ́ Adaidaita Sahu tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù, ọmọ náà kò sì ké mọ́. Ìyá tí kò fún ọmọ lọ́mú mọ́ tún ti lè lóyún kí ó tó mọ̀, tí òmíràn á dé kí ara rẹ̀ tó kọ́fẹ. Ife omi kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sọ pé mò ń dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 2006, ohun tí mo wí yìí ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Áfíríkà. Ìjọba Botswana ń fún àwọn ìyá tó ní HIV ní mílíìkì inú agolo lọ́fẹ̀ẹ́. Èrò rere ni. Òjò ńlá rọ̀, omi ìlú bàjẹ́, ìgbẹ́ gbuuru bẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló kú láàárín oṣù mélòó kan. Nígbà tí àwọn oníwàádìí wá wo ohun tó ya àwọn tó ṣàìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó yè, ohun tó ga jù lọ nínú rẹ̀ ni pé wọn kò mu ọmú. Botswana lówó jù wá lọ. Omi ẹ̀rọ wọn dára ju tiwa lọ. Òjò kan ṣoṣo ló tó.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 2021, àjọ tó ń dènà àrùn, NCDC, ka 111,062 èèyàn tí wọ́n fura sí pé kọ́lẹ́rà mú ní Nàìjíríà. Nínú wọn, 3,604 kú. Kano wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti pọ̀ jù. Oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ ka oṣù tó kù. Ẹ ka ọjọ́ orí ọmọ yín mọ́ ọn. Ẹ ó rí i bóyá ewu jìnnà.

Àwọn ìyá tó ní HIV máa ń wá bá mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù wọn sì ní ìdí. Ẹ gbọ́ kedere: ìlànà WHO ni pé kí ìyá tó ń lo oògùn HIV rẹ̀ déédéé fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kó sì máa bá a lọ títí ó kéré tán ọdún kan. Oògùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ má pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ má ṣe da ọmú pọ̀ mọ́ agolo ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó mọ ìwé yín tọ́ yín sọ́nà, kì í ṣe aládùúgbò.

Ẹ̀yin bàbá. Ẹ ra agolo nítorí pé ó fi hàn pé ẹ rí jájẹ. Ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí àlejò á ti rí i ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Owó agolo kan á ra ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ewébẹ̀ fún ìyá ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ ra ìyẹn. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sùn. Ẹ bá ìyá yín sọ̀rọ̀, nítorí ìyàwó kò lè sọ ọ́ fún ìyá ọkọ pé kó gbé ife omi kúrò. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìtajà àti ilé ìránṣọ ní Sabon Gari, tí ẹ ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó bímọ, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ yìí wà lórí yín. Ó ní ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọdọ̀ rí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lákòókò iṣẹ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Òfin náà ti pẹ́. Ẹ kò kà á ni. Bákan náà ni ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn oníṣòwò agolo pín ẹ̀bùn ní ilé ìgbẹ̀bí: Òfin 41 ti ọdún 1990, èyí tó jáde nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, jẹ́ mínísítà ìlera, ni wọ́n ṣe láti ká irú òwò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó rí ní wọ́ọ̀dù ọmọdé. Ẹ kò lè sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún yín.

Ìwà òmùgọ̀ kan kù tí n kò gbọdọ̀ fò. Àwọn kan gbọ́ nípa agbára ọmú, wọ́n wá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kò wúlò mọ́. Ẹ̀rù irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bà mí tó ẹ̀rù fídà. Ẹnu ọ̀nà ni ọmú ń ṣọ́. Kò lè dá dífítéríà dúró fún ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́, kò sì lè dá èéyi dúró. Ìparí ọdún 2022 ni dífítéríà bẹ́ ní Kano, ìpínlẹ̀ yìí ló sì ní èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo Nàìjíríà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ tàbí tí kò gbà á pé ló pọ̀ nínú àwọn tó mú. Ní ọdún 2003, Kano kọ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, àrùn náà sì gba ibí tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ti ṣe irú rẹ̀ rí, a sì rí èrè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà fún ọjọ́ ìbí, fún ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, àti fún oṣù kẹsàn-án. Ọmú lọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ mú ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ fídà, ẹ lè padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ gbé ọmọ sí ọmú kó tó mu nǹkan mìíràn, ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ má fo ti òru, torí ìgbà yẹn gan-an ni ara ń gbọ́ ìpè ọmọ jù. Ẹ jẹ́ kó fa ọ̀tún tán kó tó bọ́ sí òsì. Bí ọmọ bá jẹ́ aláìlera tàbí tó ti gbára lé agolo pátápátá, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera máa wọn ìwúwo rẹ̀ bí ẹ ti ń dín agolo náà kù. Ọmú á tún sun fún ọ̀pọ̀ yín láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà, kó fún ọmú sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí, kí wọ́n fi ife àti ṣíbí fún ọmọ, kì í ṣe fídà, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́ nínú ooru.

Bí ọmọ bá ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, tí ó ń mí kíákíá, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí kò lè fa ọmú mọ́, ọsibítù ni ẹ ń gbé e lọ, lóru náà, kí ẹ máa fún un lọ́mú nínú kẹ̀kẹ́ títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà.